Àbẹ́là sóyà olóòórùn tí mo fẹ́ máa ṣe tà nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ìbàdàn ni mo wà. Láti inú oṣù Kẹjọ ni mo ti ń wo fídíò àwọn tó ń ṣe àbẹ́là olóòórùn, ni mo bá kó owó àjọ mi, mo ra ìda sóyà kílò 5, òwú àbẹ́là 100 àti epo olóòórùn oríṣi mẹ́ta. Mo ti rọ mẹ́wàá. Ojú àwọn kan funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi òróró para nígbà ọyẹ́. Méjì lu ihò láàárín. Mo tan ọ̀kan, àfi kéèyàn ki imú bọ ẹnu ìgò kó tó mọ̀ pé ó ní òórùn. Àárín nìkan ló sì ń jó lọ sísàlẹ̀ bíi kànga, ìda ẹ̀gbẹ́ ìgò ò yọ́ rárá. Mo fẹ́ tà á fún ọdún Kérésì. Níbo ni mo ti ṣì í? Èló sì ni kí n máa pè é?

Ìyá Alábẹ́là
Kú iṣẹ́, àbúrò mi. Má banú jẹ́. Ogún àkọ́kọ́ tí èmi rọ, ilé la ti tan gbogbo wọn nígbà tí NEPA mú iná lọ. Àmọ́ sọ fún wa ná: kí lo fi wọn epo olóòórùn? Báwo ni ìda ṣe gbóná tó nígbà tó o dà á sí i? Ọjọ́ mélòó lo fi í sílẹ̀ kó o tó tan án?

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ ṣé mà. Ìdérí ìgò epo ni mo fi wọ̀n ọ́n, ìdérí méjì sí ìgò kan. Ti ìgbóná, mi ò ní nǹkan tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo rí i pé ìda ti yọ́ tán ni mo da epo sí i. Ọjọ́ kejì ni mo tan án, ara mi ò gbà á.

Ìyá Alábẹ́là
Ó ti yé mi. Ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù, irú èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò, kó o sì ra tẹmómítà. Bí owó ò bá tó, epo tuntun lè dúró, méjèèjì yìí ò lè dúró.

Ọ̀pọ̀ ìda sóyà tí wọ́n ṣe fún inú ìgò máa ń gba epo olóòórùn tó jẹ́ 6% sí 10% ìwọ̀n ara rẹ̀. 8% ni èmi ń lò: ìda kílò 1, epo gíráàmù 80. Má rò pé bó o bá da 15% sí i á ta sánsán jù. Ìda ò ní lè mu ún tán, epo á sun jáde sójú àbẹ́là bí òógùn, iná sì lè ràn mọ́ ọn níbẹ̀.

Mo máa ń jẹ́ kí ìda gbóná tó bíi 85°C kí n tó da epo sí i. Màá wá fi ìṣẹ́jú méjì rò ó jẹ́jẹ́. Kì í ṣe àmàlà lò ń rò o! Afẹ́fẹ́ tó bá bá ọ wọ inú ẹ̀ ló ń di ihò bó bá yá. Lẹ́yìn náà màá gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó tutù dé bíi 57°C, kí n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ìwé tó bá ìda rẹ wá ni kó o tẹ̀ lé ju tèmi lọ, torí ìda kan ò jọ èkejì. Bí ihò bá ṣì yọ, fi dráyà ọlọ́wọ́ yọ́ ojú rẹ̀, á dí.

Èyí tó funfun yẹn, ìwà sóyà ni. Òróró ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi háídírójìn sọ di líle ni ìda yìí, bó bá sì ń dì, ó máa ń di kóró kéékèèké tó ń mú ara rẹ̀ funfun. Kò ní kó má jó dáadáa. Gbé ìgò jìnnà sí fáànù, fi àyè sílẹ̀ láàárín ìgò kan sí èkejì kí wọ́n lè rọra tutù, á dín kù. Lára àbẹ́là tó ní àwọ̀ ló ti máa ń hàn jù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń po àwọ̀ mọ́ tèmi mọ́. (Ẹni tó bá sì ní kó o yọ́ kíréyọ́ọ̀nù ọmọ iléèwé sí i, má dá a lóhùn. Ó máa ń dí òwú.)

Ti òórùn, ọ̀sẹ̀ méjì. Dé e, gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó tutù, kó o gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Olówùú
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìda, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwú, torí òun ló gbẹ́ kànga yẹn. Ẹ ra 100 láìtíì mọ̀ bóyá ó bá ìgò yín mu. Òwú ní nọ́ńbà bíi bàtà. Bí ẹnu ìgò ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ èyí tó yẹ, ìda àti epo náà sì ní tiwọn tí wọ́n ń sọ. Òwú tó ń jó dáadáa nínú àbẹ́là ọsàn lè máa kú pii nínú ti fàńílà, torí epo fàńílà wúwo.

Bí mo ṣe ń dán an wò rèé. Ìgò mẹ́ta tó jọra, ìda kan náà, epo kan náà, òwú nọ́ńbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, màá tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà nínú yàrá tí kò sí fáànù. Wákàtí mẹ́rin, màá pa á. Bó bá ti dì, màá gé òwú kó ku bíi mìlímítà 5, màá tún tan án. Bẹ́ẹ̀ títí ìda á fi tán. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ sínú ìwé: ìgbà tí ìda yíyọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìgò, bí ọwọ́ iná ṣe ga tó, bóyá mo lè fọwọ́ kan ìgò. Bó bá di ìgbà kejì tàbí ìkẹta tí ìda tó yọ́ ò tíì kan ẹ̀gbẹ́ ìgò yípo láàárín wákàtí mẹ́rin, òwú ti kéré. Bí ọwọ́ iná bá ga tó ń jó bí eégún, tí ẹnu ìgò dúdú, tí ìgò ò ṣeé dì mú, òwú ti tóbi. Èyí tó kéré á kàn ba ọjà jẹ́ ni. Èyí tó tóbi lè la ìgò, kó sì jó tábìlì oníbàárà.

Àbẹ́là gíráàmù 180 lè jó tó 40 wákàtí kó tó tán. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin pín in, ẹ ó rí i pé ìdánwò kan ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jókòó ò sì sí níbẹ̀. Torí náà, ẹ yan òórùn kan ṣoṣo fún Kérésì yìí.

Ti àwọn tó ti gbẹ́ kànga: ẹ fi bébà fọ́ìlì bo ẹnu ìgò yípo, kẹ́ ẹ fi ihò sílẹ̀ láàárín, kẹ́ ẹ tan án bí wákàtí kan tàbí méjì lójú yín. Ooru á padà sí ẹ̀gbẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó
Hà! Fáànù ń fẹ́ lọ́tùn-ún lósì nígbà tí mo tan tèmi. Mo rò pé á bá mi gbé òórùn káàkiri ilé ni.

Olówùú
Fáànù á fẹ́ iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá kan á jó, èkejì á dúró, èéfín dúdú á sì máa yọ. Ẹ sọ fún oníbàárà náà. Ilé tiwa yìí, fáànù kì í sinmi bí iná bá wà.

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀. Ẹ ń sọ ti òórùn, ẹ ò sọ ti iná.

Ẹ má gbé ìkòkò ìda lé iná gáàsì ní tààrà. Ẹ bu omi sínú ìkòkò ńlá, kẹ́ ẹ gbé ti ìda sínú rẹ̀. Omi tó ń hó ò lè gbóná ju 100°C lọ, torí náà ìda inú rẹ̀ ò ní gbóná débi tó máa fi gbiná fúnra rẹ̀. Ìkòkò tó wà lórí iná ní tààrà ò ní ẹni tó ń dá a dúró. Ọmọrí tó bá ẹnu ìkòkò mu gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó ṣáná.

Bí iná bá ràn mọ́ ìda, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ má ṣí i títí tó fi tutù. Omi kọ́ o! Mo tún un sọ, omi kọ́! Omi tó bá kan ìda tó ń jó á di ooru lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n iná náà dé àjà. Bó bá ju agbára yín lọ, ẹ jáde, ẹ pe 112.

Bí fóònù bá ń dún nígbà tí ìda wà lórí iná, ẹ jẹ́ kó máa dún. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ dúró dìgbà tó bá sùn. Ìda tó ṣẹ́ kù, ẹ má dà á sínú ṣíǹkì, á dì sínú páìpù, ẹ ó sì wá máa wá púlọ́ńbà kiri.

Ohun kan tún wà tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí: wọ́n ń da lọ́fíńdà tí wọ́n ń fín sára sínú ìda gbígbóná. Ọtí ló pọ̀ jù nínú lọ́fíńdà yẹn, ọtí sì ń yára gbiná. Ẹ má dán an wò.

Arẹwà Igbá
Ẹ kú ọgbọ́n sà. Èmi tiẹ̀ ń ronú àtirọ tèmi sínú igbá àti èèpo àgbọn, kí n to ewé efinrin gbígbẹ sójú rẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe máa rẹwà tó lórí Instagram!

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ọmọ mi, igbá ń gbiná, àkúfọ́ rẹ̀ ni ìyá tiwa fi ń dáná. Ewé gbígbẹ tó wà lójú ìda, òwú kejì ni, ẹ ò sì lè gé ìyẹn.

Ìyá Alábẹ́là
Arẹwà, má sunkún. Rọ ọ́ sínú ìgò tó ń gba ooru, kó o wá gbé ìgò náà sínú igbá ya fọ́tò. Ewé efinrin, so ó mọ́ ara páálí. Ife táńganran onírin náà dára, kì í là, ó sì ń rán àwọn tó wà lókè òkun létí ilé ìyá wọn àgbà. Ara rẹ̀ máa ń gbóná ṣá, kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e lé àwo. Ife gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń mu omi, èmi ò gbà á. Mo ti rí èyí tó là lóru.

Ọ̀dọ́ Aṣòwò
Èmi fi òórùn koríko ọba ṣe tèmi, mo kọ ọ́ sára ìgò pé "Ó ń lé ẹ̀fọn." Wọ́n ń rà á bí àkàrà gbígbóná. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Alábẹ́là
Ọ̀dọ́, yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Lóòótọ́, koríko ọba àti sìtírónẹ́là, koríko tí wọ́n ń lò sí ẹ̀fọn, jọ jẹ́ ìbátan, ẹ̀fọn ò sì fẹ́ràn òórùn wọn. Ṣùgbọ́n àbẹ́là kan nínú pálọ̀ tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbà ọ́ gbọ́, tí ò ta nẹ́ẹ̀tì fún ọmọ rẹ̀, ibà ló máa fi gbà. Yàtọ̀ síyẹn, ohun tí wọ́n bá ń tà láti lé kòkòrò tàbí pa á nínú ilé, abẹ́ NAFDAC ló wà, wọ́n á bi ọ́ léèrè nọ́ńbà. Òórùn koríko ọba dára fúnra rẹ̀. Kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, kó o dákẹ́.

Ọ̀dọ́ Aṣòwò
Ẹ̀gbọ́n, ọjà lẹ fẹ́ bà mí jẹ́ yìí o. Tóò, màá yọ ọ́ nínú èyí tí mo bá tún tẹ̀.

Ìyá Alábẹ́là
Yọ ọ́ lára èyí tó wà nílẹ̀ náà.

Ìjẹ̀bú Ní Peckham
Ohun tí Ìyá ń sọ yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí gan-an nìyẹn. Ní Britain, ẹni tó bá ń ta àbẹ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tábìlì ìdáná ló ti ń ṣe é, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin CLP lórí ohun tó ń kọ sára ìgò: orúkọ ọjà àti àdírẹ́sì rẹ̀, àwọn èròjà inú epo tó lè mú ara yún èèyàn, àti àmì ìkìlọ̀ bí èròjà bá pọ̀ débẹ̀. Ẹni tó ta epo fún yín ló yẹ kó fún yín ní ìwé rẹ̀, àti ìwé IFRA (ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe epo olóòórùn) tó sọ iye tó ṣeé lò. Ipò 12 ni àbẹ́là wà nínú ìwé IFRA. Ẹ má wo ipò ti ìpara. Ìlànà mìíràn tún wà fún iná: BS EN 15493 fún bó ṣe ń jó, 15494 fún àwọn àmì ìkìlọ̀ abẹ́ ìgò, 15426 fún èéfín dúdú. Ní ti owó orí, bí gbogbo ohun tí ẹ tà lọ́dún ò bá ju £1,000 lọ, ẹ ò nílò láti kéde rẹ̀ fún HMRC, àwọn agbowó-orí ibí.

Mo kọ èyí torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí níbí kí wọ́n bá yín tà á. Àbúrò mi kan kó 30 wá nínú àpótí. Ọjà dára, ṣùgbọ́n ara ìgò ò ní ju orúkọ àti òdòdó lọ. A ò lè tà á, ẹ̀bùn ló jálẹ̀ sí.

Ẹ tún rántí pé òtútù ló wà nílé àwọn tí ẹ ń wo fídíò wọn. Wọ́n ń ní kẹ́ ẹ gbé ìgò sínú oven kó lè gbóná kí ẹ tó rọ ìda sí i. Ní Ìbàdàn lọ́sàn-án, ìgò ti gbóná fúnra rẹ̀.

Ará Sùúrùlérè
Ìjẹ̀bú ti já ọ̀rọ̀ ooru lẹ́nu mi. Ẹ gbọ́ o, ọ̀pọ̀ ìda sóyà inú ìgò, láàárín bíi 46°C sí 49°C ló ti ń yọ́. Mọ́tò tí wọ́n pa fèrèsé rẹ̀ dé sínú oòrùn Èkó máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi mẹ́jọ rán ọlọ́kadà kan láti Sùúrùlérè lọ sí Lẹ́kí ní aago kan ọ̀sán. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú un lórí afárá. Nígbà tó fi débẹ̀, ìda ti yọ́, ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òwú ti wọ́. Mo san owó oníbàárà padà, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀.

Ní báyìí, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù ni ọjà mi ti ń jáde, bó bá pẹ́ jù, á di lẹ́yìn aago márùn-ún. Mo ń po ìda oyin díẹ̀ mọ́ ọn, gíráàmù 100 nínú kílò kan, torí ìda oyin kì í yọ́ títí á fi kọjá 60°C. Ó ń mú un le díẹ̀. Ẹ̀yin tó máa ṣe é, ẹ tún òwú dán wò, torí ìda ti yí padà nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé kò tún jẹ́ sóyà nìkan mọ́, ẹ má kọ "sóyà 100%" sára rẹ̀.

Epo olóòórùn tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà: ẹ bi wọ́n bóyá ó wà fún àbẹ́là. Lọ́fíńdà pípò ni wọ́n ń ta púpọ̀ nínú ẹ̀ fún, òórùn rẹ̀ máa ń dùn nínú ìgò, bí iná bá dé, kò sí mọ́. Ẹ ra èyí tó kéré jù, ẹ dán an wò.

Oníṣirò
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí iye tó máa tà á. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹ fi iye ọjà yín rọ́pò tèmi, torí iye ọjà ò dúró lójú kan.

Ìda kílò 1 àti epo gíráàmù 80 jẹ́ gíráàmù 1,080. Ìgò gíráàmù 180 mẹ́fà nìyẹn. Ká ní ìda jẹ́ ₦9,000, epo ₦6,400, ìgò mẹ́fà ₦9,000, òwú àti ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ₦1,200, páálí àti bébà ara ìgò ₦4,200. Ó di ₦29,800. Pín in sí mẹ́fà, ₦4,967 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 10% lé e fún gáàsì, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tí ẹ fi dán òwú wò: ₦5,464. Iṣẹ́ ọwọ́ yín wákàtí mẹ́ta, ká ní ₦1,000 ní wákàtí kan, ₦500 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku díẹ̀ kó di ₦6,000, ẹ ò tíì jèrè kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá tà á ní ₦6,500 torí pé ẹnìkan ń tà á bẹ́ẹ̀ ń ṣe sàráà ni. Bí ilé ìtajà kan bá sì ní kẹ́ ẹ kó wá, àwọn náà fẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Èmi á pe àbẹ́là yẹn ní ₦12,000, màá sì fún àwọn tó ń tún un tà ní ₦8,500.

Ọ̀dọ́ Aṣòwò
₦12,000 fún àbẹ́là! Ta ló fẹ́ rà á nílùú yìí?

Oníṣirò
Ẹni tó ń ra lọ́fíńdà ₦60,000 ni. Èyí tó ń fi àbẹ́là wá nǹkan nínú òkùnkùn, sọ fún un kó lọ ra ti ìsọ̀ tó wà nínú páálí, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ jù.

Alága Ìdúró
Ẹ ò mẹ́nu ba ọjà tó wà níwájú yín: ẹ̀bùn àríyá. Gbogbo òwàǹbẹ̀ ló ń pín nǹkan, abọ́ ike àti táwẹ́ẹ̀lì sì ti sú wọn. Agolo kékeré gíráàmù 80, orúkọ ìyàwó àti ọkọ lára rẹ̀, 150 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gba àsansílẹ̀ tó ra gbogbo èròjà, ó kéré tán, kí ẹ tó tan gáàsì. Ẹ sì ní kí wọ́n sọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú, torí ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyá ní kó fi jókòó yẹn, ìyá ìyàwó ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bá ilé iṣẹ́ ńlá ṣe é, ẹ lọ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC, wọ́n á bi yín.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà dé pẹ̀lú ìwé mi. Òórùn kan ṣoṣo ni mo ṣe, èyí tó jọ ewé lẹ́yìn òjò. Òwú tí mo ní 100 rẹ̀ nílé ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (Olówùú, ẹ má rẹ́rìn-ín). Èyí tó tóbi jù sọ ẹnu ìgò di dúdú ní wákàtí kejì. Ti àárín kan ẹ̀gbẹ́ ìgò ní wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ nígbà kejì tí mo tan án, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe títí tó fi tán. Mo ti gba owó 18 fún Kérésì, mi ò gbà ju ìyẹn lọ. Ìyá mi wọlé lọ́jọ́ kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ṣé o ti di Sẹ̀lẹ́ ni?"

Ìbéèrè kan ló kù. Níbo ni mo ti lè rí ife táńganran kéékèèké rà ní Ìbàdàn?

Ìyá Alábẹ́là
Dùgbẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ wò. Mú rúlà dání, wọn ẹnu rẹ̀ kó o tó sanwó. Ó lè má dọ́gba pẹ̀lú ti ìgò rẹ.

Olówùú
Kó o má sì ra òwú 100 o.